Ìrìn-àjò ẹbí sí Death Valley àti Joshua Tree lóṣù kẹta: bí ẹ ó ṣe ṣètò rẹ̀

Oṣù kẹta ni aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà gba ẹbí tó ní ọmọ kékeré jù. Ní Furnace Creek, láàárín gbùngbùn Death Valley, ooru ọ̀sán máa ń wà ní nǹkan bíi 28°C lóṣù yìí, òru á sì wálẹ̀ sí bíi 13°C. Ibẹ̀ kan náà ni wọ́n ti kọ 56.7°C sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1913, iye tí wọn ò tíì kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn láyé. Nítorí náà, ẹ má fi í ṣe ìrìn-àjò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti oṣù keje.

Ohun tó ń ba ìrìn-àjò yìí jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́ ni pé iye ọgbà orílẹ̀-èdè (national park) ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka wákàtí. Grand Canyon, Zion, Death Valley, Joshua Tree, Saguaro, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje: ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti lo ìsinmi wọn. Ọgbà méjì tó fún ọjọ́ méje. Ohun tó sì yẹ kó pinnu ibi tí ẹ máa wà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Badwater Basin ní Death Valley fi mítà 86 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Dantes View, tó dojú kọ ọ́ láti òkè, ga tó mítà 1,669. Ẹ lè fi nǹkan bíi 14°C dín ooru kù kí ẹ tó gun òkè yẹn tán. Jumbo Rocks ní Joshua Tree ga ju mítà 1,300 lọ, òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe eré lóṣù kẹta. Ẹni tó bá mọ èyí á fi àárọ̀ kùtù sí ìsàlẹ̀, á fi ọ̀sán gun òkè, á sì di aṣọ òtútù mọ́ aṣọ péńpé.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú: ọjọ́ àti ibùsùn

Ìdajì àkọ́kọ́ oṣù kẹta máa ń tutù díẹ̀, èrò ò sì tíì pọ̀. Láti àárín oṣù náà títí dé Àjíǹde ni ìsinmi iléèwé máa ń bọ́ sí, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, ibi gbogbo á sì kún. Bó bá jẹ́ òdòdó lẹ ń wá, ìsàlẹ̀ Death Valley máa ń yọ tirẹ̀ láti àárín oṣù kejì sí àárín oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n kì í pọ̀ lọ́dọọdún. Àfi kí òjò gidi ti rọ̀ nígbà ìwọ́wé, kó tún máa wá díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ má sì sun èéhù. Ọdún 1998, 2005 àti 2016 ni òdòdó bo ilẹ̀ débi pé gbogbo ayé ló gbọ́. Ẹ má torí òdòdó nìkan ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Orí Recreation.gov ni ẹ ti máa gba ààyè àgọ́ sílẹ̀, ó sì máa ń ṣí ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́. Ní Joshua Tree, ẹ lè gba Jumbo Rocks, Indian Cove, Black Rock, Cottonwood àti Ryan sílẹ̀. Hidden Valley, Belle àti White Tank jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ má gbọ́kàn lé wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, nítorí tí ẹ bá dé lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì, ó ti kún. Ààyè kan ò gbà ju ènìyàn mẹ́fà, ọkọ̀ méjì àti àgọ́ mẹ́ta lọ. Ẹbí ẹlẹ́ni méje gbọ́dọ̀ gba méjì, bí ìkeje tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ní Death Valley, ibùdó Furnace Creek ṣeé gbà sílẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin.

Fún ẹbí tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn wa ni hòtẹ́ẹ̀lì ní Death Valley. Àgọ́ lè dúró de Joshua Tree. Ìdí rẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni ìjì ń jà jù nínú àfonífojì yẹn, erùpẹ̀ á máa fò, ìṣó àgọ́ ò sì ní dúró nínú ilẹ̀ iyanrìn. Ẹni tó bá ta kú pé àgọ́ lòun fẹ́, kó fi okùn so ó mọ́ òkúta ńlá, kó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sílẹ̀ nígbàkigbà tí gbogbo ilé bá ń jáde. Àgọ́ tó ṣófo ni ìjì ń gbé lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì wà ní Furnace Creek àti Stovepipe Wells nínú ọgbà, wọ́n sì wọ́n. Ìlú Beatty ní Nevada, tó jẹ́ bíi máìlì 40 sí Furnace Creek, dín owó kù. Síbẹ̀, ẹ gbìyànjú kí ẹ sun inú ọgbà fún alẹ́ kan ó kéré tán, nítorí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ibẹ̀ dùn. Joshua Tree ò ní hòtẹ́ẹ̀lì kankan nínú. Ìlú Twentynine Palms ni kí ẹ wọ̀ sí.

Owó ìwọlé

Ọgbà kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì ń gba 30 dọ́là fún ọkọ̀ kan àti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó sì dára fún ọjọ́ méje. Káàdì báǹkì ni kí ẹ mú lọ́wọ́, nítorí Death Valley ò gba owó bébà mọ́. Káàdì ọdún kan tó wọ gbogbo ọgbà orílẹ̀-èdè jẹ́ 80 dọ́là fún ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà, nítorí náà kò pé yín bó bá jẹ́ ọgbà méjì péré lẹ ń lọ lọ́dún náà. Tó bá di mẹ́ta, ẹ rà á. Ọmọ tó bá wà ní kíláàsì kẹrin iléèwé Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀fẹ́ ọdún kan fún gbogbo inú ọkọ̀ lábẹ́ ètò Every Kid Outdoors. Orí ìkànnì wọn lẹ ti máa gba ìwé náà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Bí Màmá tàbí Bàbá bá wá láti Nàìjíríà, ẹ fetí sí èyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, àlejò tí kì í gbé Amẹ́ríkà ń san 100 dọ́là lé owó ìwọlé ní ọgbà 11 kan, Grand Canyon àti Zion sì wà nínú wọn. Death Valley àti Joshua Tree ò sí níbẹ̀. Ìdí mìíràn rèé tí a fi ní kí ẹ dúró sí méjì.

Ọ̀nà

Las Vegas ni ibi tó yẹ kí ẹ bà sí. Ọjọ́ kìíní, ẹ gba ọkọ̀, ẹ ra omi àti oúnjẹ, ẹ sùn. Ọjọ́ kejì, ẹ gba Pahrump dé Furnace Creek, nǹkan bíi máìlì 120, wákàtí méjì. Ẹ lo ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin ní Death Valley. Ọjọ́ karùn-ún ló gùn jù: ẹ ó gba ọ̀nà 127 kọjá Shoshone dé Baker, kí ẹ gba Kelbaker Road la Mojave National Preserve kọjá, kí ẹ gba Amboy jáde sí Twentynine Palms. Bíi máìlì 240 ni, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ láìka ìdúró, ẹ sì máa dúró. Ẹ lo ọjọ́ kẹfà àti àárọ̀ ọjọ́ keje ní Joshua Tree. Ìpadà sí Las Vegas jẹ́ wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀.

Àgbàrá máa ń wó ọ̀nà Mojave, nítorí náà ẹ wo ojú ìwé ipò ọ̀nà ti ọgbà náà lálẹ́ ọjọ́ kẹrin. Bí Kelbaker bá ti, ẹ gba I-15 láti Baker lọ sí Barstow, kí ẹ gba ọ̀nà 247 wọ Yucca Valley. Ó fi díẹ̀ gùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ilé epo àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní Barstow.

Ẹ má jẹ́ kí fóònù darí yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbi púpọ̀ nínú ọgbà méjèèjì, àti pé máàpù orí fóònù máa ń fi ọ̀nà erùpẹ̀ hàn bí ẹni pé àbùjá ni. Ní Death Valley, ènìyàn ti kú nítorí irú àbùjá bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Las Vegas, ẹ gba áàpù àwọn ọgbà náà sórí fóònù, ẹ fi gbogbo ìsọfúnni ọgbà méjèèjì pamọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì gba máàpù oníbébà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin kan ṣoṣo tó wà fún awakọ̀: bí ọ̀nà ò bá ní ọ̀dà, a ò wọ̀ ọ́. Racetrack, ibi tí òkúta ti ń rìn lórí amọ̀ gbígbẹ, fẹ́ ọkọ̀ gíga àti táyà líle. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Ọkọ̀

Ọkọ̀ kékeré lásán lè dé gbogbo ibi tí a dárúkọ níhìn-ín. Bí ẹ bá gba èyí tó tóbi, ó jẹ́ nítorí ẹrù àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Kí ẹ tó wà á jáde, ẹ ṣí búùtù: ṣé táyà sípíà wà níbẹ̀, àbí ìgò gọ́ọ̀mù àti fáńpù lásán? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ò ní sípíà, gọ́ọ̀mù ò sì lè dí táyà tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ wo jáàkì àti sípánà pẹ̀lú. Òfin California sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga ọmọdé tàbí àga ìgbéga ní ẹ̀yìn, àyàfi bó bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́sàn-án. Ẹ gbé àga tiyín dání. Ti ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lọ́kọ̀ wọ́n, ó sì lè má sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Epo: ẹ kún táǹkì ní Pahrump, nítorí epo Nevada dín ju ti California lọ, ti inú Death Valley sì wọ́n ju ti ibi gbogbo lọ. Nígbà tó bá ku ìdajì, ẹ kún un. Ilé epo ò sí nínú Joshua Tree rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú Mojave Preserve. Baker ni ibi ìkẹyìn kí ẹ tó wọ Kelbaker Road.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Dantes View, ẹ fi jíà sí ìsàlẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbọ́ òórùn jíjó, bíréèkì á sì máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà gígòkè, bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, ẹ pa ẹ́sì, ẹ ṣí ẹ̀rọ amúgbóná ọkọ̀ dé òpin, ẹ dúró níbi tó gbà yín. Ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù pátápátá.

Omi àti oúnjẹ

Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́ ló kéré jù. Ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún nílò 20 lítà lójúmọ́, ìyẹn káàtọ́ọ̀nù kan tó ní ìgò onílítà ààbọ̀ 40. Ẹ má jẹ́ kí ohun tó wà nínú ọkọ̀ dín sí ti ọjọ́ méjì, torí bí ọkọ̀ bá kú lọ́nà, omi yẹn ni ẹ ó fi dúró. Furnace Creek ní omi ẹ̀rọ tó ṣeé mu. Ní Joshua Tree, ẹ̀gbẹ́ ọgbà nìkan ni omi wà, bíi Black Rock, Cottonwood àti ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. Jumbo Rocks àti Ryan ò ní kànga, wọn ò ní ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìgò òfìfo dé ibẹ̀ tí wọ́n á tún máa wakọ̀ padà sí ìlú.

Omi nìkan ò tó. Ẹni tó ń mu omi púpọ̀ láìjẹ iyọ̀ lè máa ní èébì àti orí fífọ́. Ẹ̀pà oníyọ̀, kílíṣí àti ṣinṣín kékeré tí àwọn ọmọ lè máa jẹ lẹ́yìn ọkọ̀ á ṣe é. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí bì, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ sínú omi lítà kan, gbogbo ṣíbí náà ní ìtẹ́jú, kí ẹ sì máa fún un díẹ̀díẹ̀.

Móínmóín àti ọbẹ̀ ata tí ẹ ti dì sínú fíríìsà ń ṣiṣẹ́ méjì: ó jẹ́ yìnyín nínú kúlà lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, ó sì jẹ́ oúnjẹ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ rọ ọbẹ̀ sínú ọ̀rá pẹrẹsẹ kó lè tò dáadáa. Yìnyín gbàǹgbà kan máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ lọ. Kúlà méjì ló dára, ọ̀kan fún ohun mímu tí àwọn ọmọ ń ṣí ní gbogbo ìgbà, èkejì fún ẹran àti ọbẹ̀ tí a kì í ṣí àfi nígbà oúnjẹ. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó bá ti lé ní wákàtí méjì níta kúlà, ẹ dà á nù. Igi ìdáná: ẹ rà á ní ìlú, nítorí ó lòdì sí òfin láti ṣa igi nínú ọgbà, títí kan èyí tó ti kú.

Ara

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dà bí ọyẹ́ láìsí kùrukùru: ètè á bẹ́, imú á gbẹ, òógùn á sì gbẹ lára kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Òrí dára gan-an fún awọ ara, ṣùgbọ́n kò ní kí oòrùn má jó ni. Ẹ fi ìpara adáàbòbò oòrùn SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, dúdú tí ara wa dúdú kò sọ pé oòrùn ò lè jó ọmọ. Fìlà etí gbòòrò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó fúyẹ́, bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Fún alẹ́ Joshua Tree, ẹ mú fìlà onírun, jákẹ́ẹ̀tì àti àpò ìsùn tó lè gba òtútù dé bíi -5°C.

Àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí omi ara rẹ̀ máa ń tètè gbẹ. Dantes View àti Keys View, ibi ìwòran lókè ní Joshua Tree, ṣeé fi ọkọ̀ dé, nítorí náà Màmá ò ní jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ méjì ní Death Valley

Badwater ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù. Ilẹ̀ iyọ̀ funfun ni, kò sí òjìji kankan; nǹkan bíi máìlì kan sínú lẹ ti máa rí iyọ̀ tó ṣe bí àwọ̀n dáadáa. Lẹ́yìn òjò, amọ̀ wà lábẹ́ iyọ̀ yẹn, ó sì máa ń gbé bàtà ọmọdé mì. Bí ẹ ṣe ń padà, Artists Drive wà lápá ọ̀tún, máìlì mẹ́sàn-án ní ọ̀nà alọ-má-bọ̀. Ọkọ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tí oòrùn bá mú, ẹ gun Dantes View. Zabriskie Point ni ti ìrọ̀lẹ́ tàbí àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ọjọ́ kejì, ẹ fi òwúrọ̀ fún òkìtì iyanrìn Mesquite Flat lẹ́bàá Stovepipe Wells. Àwọn ọmọ á fẹ́ sáré kúrò lójú. Ẹ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní fèrè, kí ẹ sì yan òkìtì kan tí gbogbo ènìyàn ń wò gẹ́gẹ́ bí àmì, torí gbogbo òkìtì ló jọra. Ẹ gba ìwé Junior Ranger ní ilé ìsọfúnni fún àlejò ní Furnace Creek lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ tó bá parí rẹ̀ ń gba báàjì, ó sì máa ń mú ẹnu wọn dákẹ́ lọ́nà Baker.

Bí ìkùukùu bá ṣú, kódà lókè jíjìnnà, ẹ má wọ àfonífojì tóóró bíi Golden Canyon. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè fa omi, àgbàrá sì lè dé láti ibi tí òjò ti rọ̀ tí ẹ ò rí. Ìjì Hilary ti oṣù kẹjọ 2023 ti gbogbo ọgbà náà pa fún nǹkan bí oṣù méjì, adágún sì dúró ní Badwater títí di ìgbà ìrúwé 2024. Bí omi bá ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà, ẹ dúró dè é.

Joshua Tree

Lópin ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ máa ń tò gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà àríwá ní Twentynine Palms, kí aago mẹ́jọ tó lù. Hidden Valley (máìlì kan) àti Barker Dam (máìlì 1.1) jẹ́ àyípo tí ọmọ ọdún márùn-ún lè rìn. Àpáta ibẹ̀ ń pe ọmọ, gígùn rẹ̀ rọrùn, sísọ̀kalẹ̀ ni wàhálà. Kí ọmọ kankan má gun ibi tí ọwọ́ àgbà ò lè tó.

Ní Cholla Cactus Garden, ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú. Ẹ̀gún cholla, irú igi ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀ kan, máa ń já mọ́ ènìyàn lára tìdìtìdì bó bá fara kàn án díẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ fà á: ẹ fi òòyà eléyín gbòòrò bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, kí ẹ fi ẹ̀mú yọ èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Òòyà àti ẹ̀mú yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú àpò, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Oyin tún ń wá omi kiri níbẹ̀. Omi ẹ́sì tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ṣí sílẹ̀ ń pè wọ́n, nítorí náà ẹ máa ti wíńdò. Ejò ń jáde nígbà ìrúwé. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ wọ ihò tí ojú ò rí; bó bá bù ènìyàn jẹ, ẹ má gé e, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ pe 911 tàbí kí ẹ wakọ̀ dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Bí ọjọ́ bá kù tàbí bó bá lé

Ọlọ́jọ́ márùn-ún: ẹ fi Joshua Tree sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sun alẹ́ mẹ́ta ní Death Valley. Ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lè fi Saguaro ní Tucson kún un: láti Cottonwood, ẹ gba I-10 kọjá Phoenix, bíi máìlì 350. Igi ẹlẹ́gùn-ún saguaro tí wọ́n fi sọ ọgbà náà lórúkọ kì í yọ òdòdó títí di ìparí oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n Cactus Forest Drive, máìlì mẹ́jọ, tó lọ wò. Ẹ ṣọ́ aago yín: California máa ń sún aago síwájú lọ́jọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta, Arizona kì í sún tirẹ̀. Kó tó di ọjọ́ yẹn, Arizona fi wákàtí kan ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, aago kan náà ni. Bó bá jẹ́ Tucson lẹ ti fẹ́ wọkọ̀ òfurufú padà, ẹ béèrè iye tí ilé-iṣẹ́ tó yá yín lọ́kọ̀ ń gbà fún dídá ọkọ̀ padà sí ìlú mìíràn kí ẹ tó sanwó, nítorí ó lè ju tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan lọ.